Lẹ́tà ẹ̀sùn: Ilé wa ni ọkọ̀ tí ẹ kọ́ fún wa

Àdìgbẹ,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ 22, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ tó sọ bọ́ọ̀sì wa di ilé,
Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

ẸJỌ́ BÁTÌRÌ, ÌWÚWO ÀTI GÁÀSÌ INÚ ỌKỌ̀-ILÉ WA

Mo kọ lẹ́tà yìí nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá sí ọ́fíìsì yín, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta sì ni akọ̀wé yín sọ fún mi pé kí n gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n máa lọ sílé, pé ẹ ó pè mí bí iṣẹ́ bá parí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ó fi hàn pé ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yín kọ́ fún wa kò yé wọn. A kò ní ilé mìíràn tí a lè lọ. Ọkọ̀ yẹn ni ilé.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó mi sì ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú títí di òní. Ilé oníyàrá mẹ́fà tí a kọ́ sí Aṣérò ti ṣófo mọ́ àwa méjì lọ́rùn, nítorí pé ọmọ wa kan wà ní Ìlọrin, èkejì wà ní Àkúrẹ́, ẹ̀kẹta sì wà ní Òṣogbo, bẹ́ẹ̀ ni owó tí à ń ná sórí òrùlé rẹ̀ àti ẹ̀rọ omi rẹ̀ ju ohun tí owó ìfẹ̀yìntì lè gbé lọ. Ọdún méjì gbáko la fi rò ó. Nígbà tí mo sọ fún mọ̀lẹ́bí pé a fẹ́ ta ilé náà kí a sì máa gbé inú ọkọ̀, kí a lè máa ti ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ ìkejì, kí ìyàwó mi sì máa tajà lọ́nà, ẹ̀gbọ́n mi àgbà dìde dúró. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko, wọ́n sì bi mí pé níbo ni èmi yóò máa bọ̀ bí mo bá ti oko dé. Mo dá wọn lóhùn pé ilé náà yóò máa bá mi lọ sí oko. Ẹ̀yin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé tí mo fi lè fọhùn bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn àgbà.

Nínú ìwé àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ₦9,800,000 ni iye gbogbo iṣẹ́ náà, mo sì ti san án tán kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ nínú oṣù Kejì ọdún yìí. Nínú owó náà, ₦1,700,000 ni ẹ kọ síwájú bátìrì lítíọ́mù méjì, 12V 200Ah ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kejì tí a wọ inú ọkọ̀, òórùn kan tó jọ ti ẹyin tó ti bàjẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí ìyàwó mi lójú oorun. Mo ká fóòmù kúrò, mo ṣí abẹ́ ibùsùn, bátìrì tubular mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀, irú èyí tí à ń bu omi sí.

Òṣìṣẹ́ yín sọ pé mẹ́rin pọ̀ ju méjì lọ, pé àǹfààní ni ẹ ṣe fún mi. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀, n ó sì sọ òtítọ́ ibẹ̀: ní ti iná tí a lè lò láàárín òru kan, èyí tí ẹ gbé sí i kò kéré sí èyí tí mo sanwó fún. Lítíọ́mù méjì ì bá gba nǹkan bí 5,120 Wh (wáàtì-wákàtí, ìyẹn òṣùwọ̀n iná tí bátìrì lè kó pamọ́), a sì lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìpa á lára. Tubular mẹ́rin gba 9,600 Wh, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́ yóò tètè ra òmíràn. Nítorí náà, n kò bá yín jà lórí iná. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú àti ẹrù tí ọkọ̀ náà ń rù ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

Bí páńẹ́ẹ̀lì sólà bá ń fi iná sínú bátìrì olómi, tí bátìrì náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, omi inú rẹ̀ a máa tú sí háídírójìn àti ọ́síjìn, á sì máa rú jáde pẹ̀lú ìkùukùu ásíìdì díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó bá ń lo irú bátìrì yìí nílé gbé e sí fàráńdà tàbí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Ẹ̀yin kó mẹ́rin sínú àpótí pákó tí kò ní ihò kankan, ẹ tẹ́ fóòmù lé e lórí, ẹ sì ní kí èèyàn méjì sùn síbẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, mo máa ń kó háídírójìn, gáàsì tó tètè máa ń gbiná, sínú ìgò kékeré kan ní yàrá àyẹ̀wò, bí mo bá na ìṣáná sí ẹnu rẹ̀, á dún pó, àwọn ọmọ á sì pàtẹ́wọ́. Ìró yẹn ni mo rántí lóru ọjọ́ tí mo ṣí abẹ́ ibùsùn náà, n kò sì lè padà sùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti já wáyà àwọn bátìrì náà, àtùpà kékeré la fi ń ríran, fíríìjì tí ẹ fi síbẹ̀ sì ti di kọ́bọ́ọ̀dù lásán.

Ní ti ìwúwo, bátìrì tubular kan wọ̀n tó nǹkan bí kílò 60, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ 240, nígbà tí lítíọ́mù méjèèjì kò ní ju bí 50 lọ. Ìwé àdéhùn sọ pé pákó mílímítà 9 ni ẹ ó fi ṣe ara ògiri àti kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, 18 ni. Mo bẹ àwọn kan níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú, wọ́n jẹ́ kí n gun orí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ ńlá. Àwa méjèèjì wà nínú rẹ̀, omi kún táńkì tó gba lítà 200, ẹrù wa sì wà níbẹ̀: kílò 3,790 ló jẹ́. Ohun tí àwọn tó ṣe bọ́ọ̀sì náà kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá ni 3,500. Ìlú wa kì í sì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Mosàn ní oṣù tó kọjá, bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ohun tó ń jó, mo ní láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún wákàtí kan kó tó tutù. Gbogbo ohun tí a ní láyé ló wà lẹ́yìn mi nígbà yẹn, ìyàwó mi sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kọ́bọ́ọ̀dù tí sìlíńdà gáàsì kílò 6 wà nínú rẹ̀ kò ní ihò nísàlẹ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ sí, kì í bá ojú fèrèsé jáde. Ihò tí ẹ lu sórí òrùlé láti de páńẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ sì ń jò láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ba ìdì àdìrẹ méjì jẹ́.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ẹ kó bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, kí ẹ fi lítíọ́mù méjì tí mo sanwó fún dípò wọn. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù gáàsì kó lè jáde sí abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ dí òrùlé, kí ẹ sì fi pákó tí a jọ kọ sínú ìwé pààrọ̀ èyí tó wà níbẹ̀ títí ìwọ̀n ọkọ̀ náà yóò fi wà lábẹ́ 3,500 pẹ̀lú omi àti ẹrù. N kò ní gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ bátìrì, gáàsì àti òrùlé ṣe é ṣe lójú ọ̀sán níbi tí a páàkì sí, kí a sì rí ibùsùn wa padà kó tó di alẹ́. Ti pákó nìkan ló gba pé kí a kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin ni yóò sì san owó ibi tí a máa sùn ní àwọn ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe àṣà yín pẹ̀lú oníbàárà tó gbé bọ́ọ̀sì akérò wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún ilé ṣe kì í lé onílé síta láìmọ ibi tí yóò forí pamọ́ sí.

Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún mi ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tí kò sì léwu. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, mo ti ṣètò ìwé àdéhùn, rísíìtì, àwòrán abẹ́ ibùsùn àti ìwé ìwọ̀n náà láti kó wọn lọ sí ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá ń bọ̀, kí wọ́n dé kó tó di agogo mẹ́jọ àárọ̀, torí ìyàwó mi fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣí abẹ́ ibùsùn, kó tó gba Ìtòkú lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín.