Ẹ bá wa bèèrè bóyá àwọn èèyàn kan náà ni wọ́n bi

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ìwádìí tí wọ́n fi máa ń bi àwọn aráàlú ní ìbéèrè lóṣooṣù yìí ló ń ká mi lára. Ẹ ó kàn rí i nínú ìròyìn pé nǹkan ti lọ sókè láti 40 sí 43 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé ṣé àwọn tí wọ́n bi lóṣù tó kọjá náà ni wọ́n tún padà lọ bi àbí àwọn mí-ìn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wò ó, tí àṣìṣe ìwádìí kọ̀ọ̀kan (ìyẹn bí èsì ẹ̀ ṣe lè fi yẹ̀ sí òótọ́ torí pé èèyàn díẹ̀ ni wọ́n bi) bá jẹ́ 3 sókè sódò, tó sì jẹ́ èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n bi, àṣìṣe tó wà lára ìyàtọ̀ yẹn máa di bíi 4.2, a jẹ́ pé 3 tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ lè má jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwọn kan náà, tí correlation ìdáhùn wọn (ìyẹn bí ìdáhùn oṣù yìí ṣe bá ti oṣù tó kọjá mu tó, 1 ló ga jù) jẹ́ 0.75, ó máa já wálẹ̀ sí bíi 2.1!

Lóòótọ́ ìbéèrè máa ń sú èèyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Ìwádìí àìríṣẹ́ṣe ti Amẹ́ríkà, oṣù 4 ni wọ́n fi ń bi ilé kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún oṣù 8, wọ́n á tún padà wá fún oṣù 4. Mo fẹ́ràn ètò yẹn gan-an. Àmọ́ tó bá jẹ́ average ọ̀pọ̀ oṣù lèèyàn ń wá, àwọn tuntun ló dáa jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ àṣìṣe ìyàtọ̀ náà sábẹ́ ìròyìn yín.

Èmi òǹkàwé yín.