Ẹ̀sùn lórí páálí Blériot XI: rọ́bà ni ẹ kó sí ibi tí wáyà yẹ kó wà

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà

Alàgbà,

Ẹ kú iṣẹ́. Páálí bààlúù Blériot XI àfirédíòdarí tí a rà lọ́wọ́ yín ni a ń kọ̀wé lé lórí, èyí tí ẹ ṣe ní ìdá kan nínú mẹ́fà ojúlówó, tí ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.3 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. A ti kàn án tán. Pákó bálísà inú rẹ̀ dára, egungun ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wọ ojú ihò rẹ̀ láìlo sáńpépà. Àpò ọ̀rá kẹrin, èyí tí ẹ kọ “okùn ìyẹ́” sí lára, ni ẹ̀sùn wa. Okùn rọ́bà ló wà níbẹ̀, irú èyí tí télọ̀ ń rán sí ẹnu apá aṣọ ọmọdé.

Ó jọ pé ẹni tó di páálí náà rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni okùn wọ̀nyí. Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ọ̀pọ̀ páálí bààlúù àtijọ́, nítorí ìyẹ́ wọn ti le fúnra rẹ̀. Ti Blériot yàtọ̀. Èyí tí Louis Blériot, ọmọ Faransé tó ṣe bààlúù náà, fi ré kọjá lórí omi láti ẹ̀bá Calais ní Faransé dé Dover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní July 25, 1909, ìyẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, okùn ló sì dì í mú lókè àti nísàlẹ̀. Kò ní ewé tó ń ṣí tó ń pa dé létí ìyẹ́ bíi ti bààlúù òde òní. Ìyẹ́ gan-an ni wọ́n ń fi okùn lọ́. Bí okùn ìsàlẹ̀ bá fa igi ẹ̀yìn ìyẹ́ ọ̀tún wálẹ̀, okùn òkè tó gba orí púlì kọjá á fa ti òsì sókè. Àwòrán iṣẹ́ yín tẹ̀ lé èyí gẹ́lẹ́: púlì wà lórí òpó, apá servo, ìyẹn mọ́tò kékeré tí rédíò ń darí, wà lábẹ́ ikùn. Ṣùgbọ́n bí servo ṣe ń yí, rọ́bà ló ń gùn sí i, ìyẹ́ kò mira.

Ti pé kò ṣeé darí kọ́ ló burú jù. A dojú bààlúù náà dé orí tìmùtìmù méjì, a wá gbé àpò iyanrìn 1.3 kg lé abẹ́ ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìwúwo 1,300 g tí ẹ kọ sára páálí, ìyẹn ni ẹrù tí ìyẹ́ ń rù bí bààlúù bá tẹ̀ ní 60° láti yí. Ṣóńṣó ìyẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní 70 mm. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lójú gọ́ọ̀mù ní ìdí igi iwájú lápá òsì, igi náà sì ké. Kíá ni a gbé iyanrìn kúrò. Lẹ́yìn tí a tún un lẹ̀ tí a sì fi wáyà rọ́pò rọ́bà, ẹrù kan náà kò sọ ọ́ kalẹ̀ ju 4 mm lọ.

Okùn òkè náà kì í ṣe ohun àfojúdi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1912, àwọn ọmọ ogun Faransé dá bààlúù Blériot dúró nítorí pé ìyẹ́ wọn ń já lójú òfurufú, Blériot fúnra rẹ̀ ló sì ṣàlàyé pé okùn òkè kò lágbára tó nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tẹ ìyẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n ti fi ẹ̀mí ènìyàn kọ́, kò yẹ kó tún pòórá nínú páálí yín.

Wáyà aláìdípata oníṣẹ́po méje tí àwọn apẹja ń so mọ́ ìwọ̀, 0.5 mm, tó lè gbé 18 kg, ni a lò. Okùn 14 ni iṣẹ́ náà gbà: mẹ́jọ fún igi iwájú, mẹ́rin fún ìsàlẹ̀ igi ẹ̀yìn, àti méjì gígùn tó gba orí púlì láti ìyẹ́ kan dé èkejì. Ti iwájú ni kí á fà le, kó máa dún díẹ̀ bí a bá fi ìka ta á. Ti ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ le bẹ́ẹ̀, kó ṣáà má dẹ̀ ni. Àwọn ọ̀pá bàbà kéékèèké oníhò tí ẹ kó sínú àpò láti fi di ẹnu okùn mú kò wúlò, ihò wọn tó 2 mm, bí a tilẹ̀ fi píláyà tẹ̀ wọ́n pa, wáyà ṣì ń yọ̀ jáde. Oníhò 1.2 mm ló yẹ, kí wáyà gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kí á tó tẹ̀ ẹ́.

Àṣìṣe kejì bá ti okùn tan. Ìwé yín ní kí á fi gọ́ọ̀mù lẹ igi ẹ̀yìn mọ́ ara bààlúù bíi ti iwájú. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ kò ní lè lọ́ mọ́, servo á máa gbóná, á sì máa jẹ bátìrì. Fáìlì ni a fi sọ ihò 5 mm tí igi ẹ̀yìn ń wọ̀ lára bààlúù di gígùn, 8 mm láti òkè dé ìsàlẹ̀, a kò sì fi gọ́ọ̀mù kàn án. Servo 9 g eléyín ike tí ẹ fi sí i kò tó iṣẹ́ yìí. Eléyín irin tí agbára rẹ̀ tó 4 kg·cm ni a fi rọ́pò rẹ̀, ó sì ń gbé ẹ̀yìn ṣóńṣó ìyẹ́ ní 12 mm sókè àti sísàlẹ̀.

Ẹ kò sì sọ pé imú rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí òjé 110 g fi pọn dandan kó tó lè dọ́gba lójú àmì tí ẹ fà. Inú sìlíńdà mẹ́ta ti ayédèrú ẹ́ńjìnnì Anzani ni a kó o sí.

Ohun tí a ń béèrè nìyí: mítà 10 wáyà, ọ̀pá bàbà 40 oníhò 1.2 mm, àti owó servo tí a rà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ti ra páálí yìí pé kí wọ́n má ṣe fi rọ́bà náà fò, kí ẹ sì dá títà rẹ̀ dúró títí ẹ ó fi pààrọ̀ àpò kẹrin àti ojú ìwé tó sọ nípa igi ẹ̀yìn. Èyí ló jẹ wá lógún ju owó lọ, torí bí ìyẹ́ bá ká lókè, ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí pápá ni bààlúù lè já lù.

Fọ́tò ìdánwò iyanrìn àti rọ́bà náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14.

Tiyín nítòótọ́,
Àwa tí a ra páálí náà