Ẹ wo ibi tómi máa gbà kẹ́ẹ tó kun ìpẹtà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ojú ewé iṣẹ́ ọwọ́ yín ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé, èyí tẹ́ẹ ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀dà acrylic sọ páálí di irin tó ti dípẹtà. Inú mi dùn pé ẹ rántí àwa tá à ń fi bébà ṣiṣẹ́, ẹ ṣeun gan-an, ṣùgbọ́n ibi tẹ́ẹ ti ní kéèyàn po búráùn mọ́ ọ́réńjì kó sì fi kun gbogbo ẹ̀ yíká, ibẹ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, torí páálí tí wọ́n kùn ní búráùn ló máa jáde ńbẹ̀, kì í ṣe irin, ẹni tó bá rí i á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìpẹtà kì í ṣàdédé bo irin. Omi àti oxygen inú afẹ́fẹ́ ló ń bá irin jà kó tó dípẹtà, iyọ̀ sì máa ń mú kó yá, torí náà ibi tómi bá ti ráyè dúró ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí bọ́ọ̀tù, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin méjì pọ̀, etí, kọ̀rọ̀, àti ìsàlẹ̀ níbi tómi ti ń kóra jọ kó tó kán sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti máa ń ṣàn wálẹ̀, mi ò tíì rí ìpẹtà tó ṣàn gòkè rí o, àmọ́ mo ti rí i lára iṣẹ́ páálí dáadáa! Ẹ tún wo irin àtijọ́ èyíkéyìí, ẹ máa rí i pé ibì kan ṣì wà tí ìpẹtà ò tíì dé, ibi tó mọ́ yẹn gan-an ló ń jẹ́ kójú gbà pé irin ni. Kẹ́ẹ tó ki bọ́rọ́ṣì bọ ọ̀dà, ẹ gbé nǹkan yín dúró bó ṣe máa wà, kẹ́ẹ wá bi ara yín pé tójò bá rọ̀ sí eléyìí, ibo lomi máa gbà?

Àwọ̀ náà ńkọ́. Ìpẹtà tó ti pẹ́ máa ń ṣú, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ló máa ń pọ́n, nítorí ẹ̀ èyí tó ṣú ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ po burnt umber, ìyẹn ọ̀dà búráùn tó ṣú, mọ́ dúdú díẹ̀, ẹ kùn ún síbi tẹ́ẹ yàn, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá fi fóòmù tẹ burnt sienna, ìyẹn búráùn tó pọ́n, lé e, títẹ̀ ni mo wí o, ẹ má fà á, torí fífà máa ń fi ìlà bọ́rọ́ṣì sílẹ̀. Ọ́réńjì ló máa kẹ́yìn, kó má pọ̀ rárá. Ibi ọ́réńjì yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, á ti dùn lójú wọn, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ má sì tíì dá a lẹ́jọ́ nígbà tó ṣì tutù, acrylic máa ń ṣú díẹ̀ sí i tó bá gbẹ.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ayédèrú tá à ń ṣe yìí ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Ẹ yẹ ẹ̀yìn túùbù burnt sienna wò, PBr7 tàbí PR101, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń dárúkọ èròjà tó ń fún ọ̀dà láwọ̀, lẹ sábà máa bá níbẹ̀, irin àti oxygen tó ti para pọ̀ ló sì ń fún méjèèjì láwọ̀, àfi bí ẹni pé ìbátan ìpẹtà gan-an la fi ń kun bébà. Raw sienna, ìyẹn erùpẹ̀ tó yẹ́lò, ni wọ́n máa ń sun níná, omi inú ẹ̀ á jáde, á wá pọ́n, òun ló di burnt sienna. Torí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta ọ̀dà olówó iyebíye tí wọ́n kọ ìpẹtà sí lára fún yín jàre.

Ìpẹtà tún máa ń wú, àyè tó ń gbà ju ti irin tó jẹ lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ti ọ̀dà orí irin sókè títí á fi bó. Tẹ́ẹ bá fẹ́ irú ojú gbágungbàgun yẹn, ẹ po baking soda tàbí yanrìn kíkúnná mọ́ ọ̀dà, kẹ́ẹ po ìwọ̀nba torí ó máa ń tètè ki. Fún ọ̀dà tó bó, ẹ kun ìpẹtà ṣáájú, tó bá gbẹ ẹ fi àbẹ́là ra ibi mélòó kan, ẹ wá kun àwọ̀ tó wù yín lé gbogbo ẹ̀, tó bá ti gbẹ ẹ ha ojú àbẹ́là yẹn, ìpẹtà á yọ lábẹ́ ẹ̀ bó ṣe máa ń yọ lóòótọ́.

Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa omi àti bébà, bẹ́ẹ̀ omi inú ọ̀dà máa ń ká bébà kò. Gesso, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kùn ṣáájú ọ̀dà, ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fi kun iwájú àtẹ̀yìn, gọ́ọ̀mù funfun tẹ́ẹ fomi là náà dáa.

Ọ̀kan tún kù, bàbà tẹ́ẹ ní kí wọ́n kun ìpẹtà pupa sí. Bàbà kì í dípẹtà! Bàbà ni wọ́n fi bo ère Statue of Liberty ní New York, ọdún 1886 ni wọ́n ṣí i, gíríìnì ló yà títí dòní.

Tẹ́ẹ bá máa tún un gbé jáde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya fọ́tò ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, fọ́tò èyí tó ti parí nìkan ò lè kọ́ èèyàn níṣẹ́, kẹ́ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n lo fáníìṣì tí kì í dán, torí èyí tó wà nínú fọ́tò yín ń kọ mànà bíi dígí.

Èmi ni òǹkàwé yín, oníṣẹ́ bébà.