Ta ní í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀?

Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí jáde, inú ló ń bí mi. Níbi ayẹyẹ òmìnira ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ tó kọjá yìí, nílùú Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ awò dúdú lé Ìyá Ẹgbẹ́ wa dìde lórí àga. Ó ní orúkọ wọn kò sí nínú ìwé. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Láti aago márùn-ún ìdájí ni ìyá náà àtàwọn obìnrin wọn ti wà ní gbàgede yẹn, tí wọ́n ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń gbá omi òjò kúrò. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé nígbà yẹn.

Ọmọ Kétu mọ ẹni tí mò ń wí. N kò ní dárúkọ wọn, wọn kò kúkú rán mi níṣẹ́. Láti ayé Kérékou, ààrẹ wa àtijọ́, ni wọ́n ti ń ṣáájú obìnrin. Nígbà tí Dàhòmì di Benin ní 1975, àwọn ló ń ti agbo ilé dé agbo ilé kọ́ àwọn ìyá wa ní orúkọ tuntun tó wọ inú orin orílẹ̀-èdè. (Ìyá tèmi kọ́ ọ títí, “Dàhòmì” náà ló ń yọ lẹ́nu wọn títí wọ́n fi kú.) Ìjọba yẹn lọ, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọba tú ká, àwọn tó ń jẹun nídìí rẹ̀ wábi gbà. Ìyá Ẹgbẹ́ kò lọ síbì kankan. Ní 1991 tí a tò nínú oòrùn láti yan ààrẹ, àwọn ló ń bu omi fún wa. Bí wọ́n bá sì gbé oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dé, tí Ìyá Ẹgbẹ́ kò bá ṣáájú, ilé púpọ̀ kò ní ṣílẹ̀kùn. Ilé tèmi wà lára wọn! Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá ilẹ̀kùn mi títí ìyàwó mi fi gbé ọmọ jáde.

Ní 2022, wọ́n gbé ère obìnrin ajagun Dàhòmì kalẹ̀ ní Kútọnu, gíga rẹ̀ tó mítà 30. Ó wu ojú. A mọ̀ pé ogun Dàhòmì yẹn ló tú Kétu ní 1886, a ò bá ère jà. Ṣùgbọ́n ṣé obìnrin tí a fi irin ṣe nìkan ló lè gba ọ̀wọ̀ ni?

Àwọn aláṣẹ wa, ibi tí kámẹ́rà bá wà lojú wọn ń wò. Ìwé, ìwé, ìwé! Ó pẹ́ tí wọ́n fi ka òfin Faransé ọdún 1901 sí wa létí, pé ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ kò lẹ́nu níwájú òfin. Ta ló béèrè ìwé nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò gbálẹ̀?

Ó dáa, bó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n fẹ́, kí ọ́fíìsì mérì ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, ẹlẹ́yìn líle. Ẹni tó bá ti fi ogún ọdún sin ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, kí baálẹ̀ àdúgbò rẹ̀ àti ẹlẹ́rìí méjì wá jẹ́rìí, kí a kọ orúkọ rẹ̀, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ṣe. Kí a kọ ọ́ ní Faransé àti Yorùbá, kí ìyá tí a ń kọ nípa wọn lè gbọ́ ohun tí a kọ. Kí a máa kà á sókè lọ́jọ́ òmìnira, kí mérì tó sọ̀rọ̀ o, kì í ṣe ìgbà tí gbogbo èèyàn bá ti wọ́ lọ sídìí oúnjẹ. Òun náà sì ni kí aláwò dúdú máa yẹ̀ wò kó tó lé ẹnikẹ́ni dìde.

Kí wọ́n tún máa tọ́jú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwòsàn. Àmì-ẹ̀yẹ láti Kútọnu, bó bá dé, a ó gbà á.

Bí wọ́n bá ní kò sówó ìwé àkọsílẹ̀, ìwé ni mò ń tà lọ́jà. Kí wọ́n rán ẹnì kan wá, màá fún un ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú bíìkì méjì.

Òǹtàwé kan, Kétu