Àbẹ̀kẹ́, bá mi dé St Andrews

Parakin, Ilé-Ifẹ̀,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. Ṣé ara le? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Gbogbo wa ń bẹ níbí, a dúpẹ́.

Nígbà tí o fi ohùn ránṣẹ́ pé Dundee, ní Scotland, ni ẹ kó lọ báyìí, mo wo máàpù lórí fóònù, mo rí i pé ibi tí o wà sí St Andrews, ìlú tí wọ́n ń pè ní ilé gọ́ọ̀fù, kò tó Ifẹ̀ sí Òṣogbo. Mo lọgun débi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí mo lè máa fi ohùn sọ lórí WhatsApp lọ.

Mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Oṣù kẹjọ rèé.

Aṣọ ìyàwó kan ni mo gbé lọ sí Ada, sí MicCom, hòtẹ́ẹ̀lì tó ní pápá gọ́ọ̀fù, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe àríyá. Mo tètè dé. O mọ ohun tí ogún ọdún nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ máa ń ṣe sí ìbàdí èèyàn, mo bá ní kí n rìn díẹ̀ kí ẹ̀yìn mi lè nà. Ìrì ṣì wà lórí kóríko. Obìnrin kan wà lórí pápá, yóò ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun àti kádì rẹ̀, ẹni tó ń bá a gbé àpò ọ̀pá, nìkan. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó yí ìbàdí, bọ́ọ̀lù lọ. Kò kánjú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tẹ̀ lé e, wọ́ọ́rọ́wọ́. Àbẹ̀kẹ́, n kò rí obìnrin àgbà kan rí tó ní àárọ̀ tirẹ̀ báyẹn, tí kò ru nǹkan kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè é. Ọkàn mi dúró síbẹ̀.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní eré olówó ni. Kì í ṣe irọ́, bí èèyàn bá fẹ́ rà á tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pá 14 ni òfin ní kò gbọ́dọ̀ jù lọ nínú àpò. Kò sí òfin tó ní kí obìnrin má fi mẹ́rin gbá. Mẹ́rin ni tèmi: putter tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù wọ ihò, wedge tí wọ́n fi ń gbé e sókè nítòsí ihò, 7-iron fún àárín ọ̀nà, àti ọ̀kan tó ní orí gbàǹgbà fún ọ̀nà jíjìn. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, mo sì rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó àjọ ni mo fi ra méjì.

Ọ̀pá àkọ́kọ́ ni mo ti ṣìnà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún ọ dáadáa, kí ìwọ náà má bàa ṣe bẹ́ẹ̀. 7-iron ọkùnrin ni, ₦15,000. Mo sọ fún ẹni tó tà á pé ó gùn jù fún mi. Ó ní kékeré nìyẹn. Ó fi ayùn gé e ní ínṣì kan ààbọ̀ lókè, ó tún rọ́bà ìdìmú rẹ̀ wọ̀, mo bá gbé e lọlé. Oṣù méjì gbáko, bọ́ọ̀lù kò gbéra nílẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ mi sì ń ro mí di òru. Mo ti ń rò pé ọjọ́ orí ni. Ìgbà tí mo tún lọ sí Ada, kádì kan gbà á wò, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Màámi, wọ́n ti gé ọ̀pá yìí, ó ti gan.” Ó ní ọ̀pá gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ díẹ̀ bí ọwọ́ bá ń bọ̀ nílẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe gé e kúrú tó ló ṣe máa gan tó. Ti obìnrin fúyẹ́, ó rọ̀, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n sì ti ṣe é kúrú.

Ó dùn mí, nítorí iṣẹ́ mi gan-an ni. Bí ẹnìkan bá gbé bùbá ọkọ rẹ̀ wá pé kí n sọ ọ́ di tòun, ṣé ọwọ́ nìkan ni màá gé? Èjìká ńkọ́? Àyà ńkọ́? Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi 7-iron obìnrin gbá bọ́ọ̀lù, ìró rẹ̀ yàtọ̀ létí mi, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ tuntun bá wọ aṣọ.

Àpò rẹ̀, èmi ni mo rán an. Jíǹsì gbígbó ni mo fi ṣe é, mo fi tapólì tẹ́ inú rẹ̀. Kánfáàsì ni mo ń wọ̀ sẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù nínú igbó ni mo sì ń ra bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo fẹ́ kí o rí. Ihò gọ́ọ̀fù, níbi gbogbo láyé, milimita 108 ni ẹnu rẹ̀, ìyẹn ínṣì mẹ́rin àti ìdámẹ́rin lórí téèpù mi. Mo wọn gbogbo agolo tó wà nílé, ti mílíìkì oníyẹ̀fun ńlá ló sún mọ́ ọn jù lọ. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo rì í mọ́lẹ̀. Ní ìdájí, mo máa ń gbá yanrìn ibẹ̀, màá wọ́n omi sí i, màá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó le. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ pé ọ̀pọ̀ pápá ní Nàìjíríà kò ní kóríko lẹ́nu ihò wọn, pé yanrìn tí wọ́n po epo mọ́ ni, “browns” ni wọ́n ń pè é. Inú mi dùn púpọ̀! Ohun tí mo rò pé àìní ló sún mi ṣe, àwọn tó ní pápá náà ń ṣe é.

Wá wo ìṣirò kan. Pápá tí wọ́n bá kà sí 72, ìyẹn iye ìgbá tó yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá fi parí ihò 18, ìgbá méjì méjì lórí ihò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún putter. 36 nìyẹn, ìdajì eré náà. Àbẹ̀kẹ́, ìdajì gọ́ọ̀fù wà lẹ́yìnkùlé mi, nídìí agolo mílíìkì, n kì í sì í san kọ́bọ̀. Bí mo bá fẹ́ lo wedge, bọ́ọ̀lù àkísà tí mo fi àjákù ańkárá rán ni mo ń gbá, nítorí wíńdò aládùúgbò.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì sanwó wọ pápá gan-an. Ihò mẹ́sàn-án ni mo gbá, ìgbá 71 ni mo kà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà. Ó pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti 2020, wọ́n ti sọ òkè handicap, ìyẹn iye ìgbá tí wọ́n ń bá èèyàn yọ kúrò kí eré lè dọ́gba, di 54 fún ọkùnrin àti obìnrin bákan náà, ìgbá mẹ́ta lé lórí ihò kọ̀ọ̀kan. Àyè wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ní ihò keje, mo fi wedge sọ bọ́ọ̀lù sẹ́bàá ihò, mo fi putter tì í, ó wọlé. Omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yìn mi kò sì dùn mí títí mo fi délé.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Ní St Andrews, àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ putter tiwọn sílẹ̀ ní 1867, nígbà tí wọ́n ń sọ pé kò yẹ kí obìnrin gbé ọ̀pá kọjá èjìká. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá a lé rí gbágungbàgun, wọ́n ń pè é ní Himalayas, àlejò sì lè san owó kékeré kí ó gbá. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, Royal and Ancient, wọ́n dúró di 2014 kí wọ́n tó gba obìnrin. Nígbà tí mo ń ti bọ́ọ̀lù sínú agolo nídàájí, àwọn obìnrin 1867 yẹn ni mo máa ń rò. Ibi tí wọ́n fi wọ́n sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọn kì í sábà gbá gọ́ọ̀fù lórí Old Course, pápá gọ́ọ̀fù àtijọ́ ìlú náà, ẹnikẹ́ni lè rìn níbẹ̀. Kó àwọn ọmọ lọ. Gun afárá Swilcan kékeré yẹn, kí o dúró lórí rẹ̀ fún mi. Bí o bá rí ìbọ̀wọ́ obìnrin, ti ọwọ́ òsì, tí kò wọ́n, fi í sínú ẹrù ẹni tó bá ń bọ̀ ní Kérésì. Ọwọ́ mi kò tíì yí padà, o mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Bí òtútù bá sì rọlẹ̀, yà sí Himalayas, bá mi gbá a, kí o kọ iye ìgbá rẹ sí mi. Mo ti fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ọ nínú ìwé ìwọ̀n náà.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́