Ibi tí ẹ ó gbé ẹ̀rọ amúlétutù yín kọ́

Ọba-Ilé, Àkúrẹ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àwòrán ilé tí o fi ránṣẹ́ láti Oǹdó, inú mi sì dùn pé ẹ ti kan òrùlé. Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ lórí fóònù, pé ẹ fẹ́ gbé apá amúlétutù tí ó máa ń wà níta pamọ́ sí kọ̀rọ̀ tí ó wà láàrin ilé ìdáná àti ògiri ọgbà, kí ó má baà ba ẹwà iwájú ilé jẹ́, kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, nítorí irú àṣìṣe tí èmi náà ṣe nìyẹn.

Ẹ̀rọ yìí kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru inú yàrá ni ó ń kó, tí ó sì ń dà á síta. Bí ibi tí ó ń dà á sí bá há, ooru tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde náà ni yóò tún máa fà símú, bí ẹni tí ó fi aṣọ borí sùn. Ní tèmi, àwọn tí ń jí páìpù bàbà tú ni mo ń sá fún, tí mo fi ní kí wẹ́dà fi irin ṣe àgò fún un, ó sì fi páànù bo orí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí oòrùn oṣù kejì mú, ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ méjì rọ gáàsì sí i, wọ́n gbowó lọ. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ ṣí àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú àgò náà, ó ní kí èmi náà na tèmi, ibẹ̀ gbóná bí ẹnu ààrò. Ó tú páànù kúrò, ó fi ọ̀pá irin nìkan sílẹ̀, wàhálà sì tán. Orí àgò adìẹ màmá rẹ ni páànù náà wà dòní.

Ẹ jẹ́ kí apá ìta ẹ̀rọ tiyín wà lára ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í pa, kí àlàfo tí ìwé inú páálí rẹ̀ sọ sì wà lẹ́yìn àti níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kò dára, nítorí èéfín epo dídín máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, eruku ọyẹ́ á sì wá jókòó lé e. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí fèrèsé aládùúgbò, ẹ má sì gbé e jìnnà sí yàrá jù, torí bí páìpù bá ṣe gùn tó ni owó á ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó wà ní Kánádà ní irú ẹ̀rọ yìí kan náà, àmọ́ tirẹ̀ lè yí iṣẹ́ padà, kí ó kó ooru láti ìta wọlé nígbà òtútù. Síbẹ̀, ibi gbayawu ni wọ́n gbé e sí, lórí irin tí ó ga ju yìnyín lọ.

Kí ẹ tó lu ògiri, lọ dúró síbi tí ẹ bá mú ní agogo 2 ọ̀sán, kí o bu eérú díẹ̀ sọ́wọ́, kí o sì rọra tú u sílẹ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀ tààrà sí ẹsẹ̀ rẹ, ẹ wá ibòmíràn.

Èmi ni bàbá rẹ.