Àkànní, ka iye ohùn tó máa wọlé kí o tó náwó

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí àkọsílẹ̀ ọjà tí o fi ránṣẹ́, ohun tí o fẹ́ rà láti máa gba orin rẹ sílẹ̀ nínú yàrá rẹ. Mo mọ bí o ṣe tu owó yìí jọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́. O kọ MacBook, o kọ soundcard, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máíkì wọ inú kọ̀ǹpútà, èyí tó ní ihò máíkì mẹ́jọ, o wá kọ máíkì kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀. Ta ni yóò lo ihò méje tó kù?

Ìwọ lo máa kọrin, ìwọ náà lo máa lu gángan. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá tilẹ̀ wá bá ọ lù ú, ohùn kan àti ìlù kan ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò méjì ti tó. Soundcard Focusrite Scarlett 2i2 ní méjì, Behringer UMC202HD náà ní méjì, owó èyí sì máa ń mọ níwọ̀n jù. Ègbè ńkọ́? Fi ẹnu ara rẹ gbè é lẹ́ẹ̀mẹrin, kí o to ohùn náà lé ara wọn. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ gba odidi ẹgbẹ́ onídùndún sílẹ̀ papọ̀, láti orí ìyáàlù dé gúdúgúdú, ọjọ́ yẹn ni ká tó sọ̀rọ̀ ihò mẹ́jọ.

Mi ò bá Mac jà o. MacBook Air oní-M1 tó jáde ní 2020 kò ní fáànù rárá, máíkì kò ní gbọ́ ariwo kankan láti inú rẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́, èyí tó ṣe pàtàkì níbi tí iná ti ń ṣe ségesège. GarageBand, ètò ìgbohùnsílẹ̀ Apple, sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ní Mac. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, orí Windows ni wọ́n wà. Logic, ètò ìgbohùnsílẹ̀ Apple kejì tí o ń yìn yẹn, kì í ṣí níbẹ̀. Ní 2002, Apple ra Emagic, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n sì pa ti Windows tì. Ra láptọ́ọ̀pù tọ́kunbọ̀ tó dáa, tó ní SSD àti RAM 16GB, kí o rí i dájú pé ó lè gbé Windows 11, nítorí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti 14 October 2025. Fi REAPER, ètò ìgbohùnsílẹ̀ mìíràn, sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, wọ́n á jẹ́ kí o fi ọgọ́ta ọjọ́ dán an wò, torí náà, bí o bá ra Mac lọ́jọ́ iwájú, iṣẹ́ rẹ á bá ọ lọ.

Lórí Windows, ohun kan wà tí o kò gbọdọ̀ fò: gba driver ASIO, ètò tó ń jẹ́ kí ohùn yára wọlé kó sì yára jáde, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe soundcard náà gan-an. Bí o bá ń gba ohùn sílẹ̀, gbé buffer, ìyẹn iye sample (ègé ohùn) tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé wọn lórí, sí 128. Ní 48,000 sample fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdádúró ohùn ìyẹn kò tó mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta. Gbé e sí 1024, ó di 21, lọ àti bọ̀ sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onílù ni ọ́, o mọ ohun tí mò ń wí: kọ̀ǹgọ́ ti kan awọ tán, etí kò tíì gbọ́ ọ. Ìgbà tí o bá ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni 1024 wúlò.

Owó tó bá ṣẹ́kù, yàrá rẹ ni kí o ná an sí. Kí ìyá mi tó lọ, ó jókòó kì mí ní oríkì ìdílé wa, ó lé ní ogún ìṣẹ́jú. Mo gbà á sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ti gbé e fún ẹni méjì kí wọ́n bá mi yọ ariwo náà. Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ ni ohùn ìyá mi ń bá ariwo náà lọ. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, má ra máíkì condenser, irú tí etí rẹ̀ mú gan-an, fún yàrá ẹ̀bá títì yẹn. Á gba iná 48V, á sì gbọ́ gbogbo àdúgbò. Shure SM58 kò nílò iná yẹn, ohun tó súnmọ́ ọn ló ń gbọ́ jù. Má lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri, kò dá nǹkan kan dúró. Gbé kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ sẹ́yìn rẹ, kí o kọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn sára ògiri. Kí o sì ra disk méjì, kì í ṣe ọ̀kan, kí ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ lè wà lórí méjèèjì.

Gángan bàbá mi wà lọ́dọ̀ onílù, ó ń pààrọ̀ ọṣán rẹ̀. Wọn fèrèsé rẹ kí o fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́. Màmá rẹ ti ra aṣọ kọ́tìnì tó nípọn, ó fẹ́ rán an kí o tó wá mú ìlù náà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ